Àlejò Tó Di Ẹ̀gbọ́n Wa

Àwọn àgbà ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ní ilé wa, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ṣábẹ̀, ojú àlejò gan-an ni àṣírí gbèsè náà ti tú. Ibẹ̀ ni oore sì ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ wa. Àjọ Peace Corps, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Corps de la Paix, ni ó rán an wá láti kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àjọ yìí ti pẹ́ ní agbègbè wa. Ọdún 1961 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá a sílẹ̀. Ó dé Tógò ní 1962, ó sì dé Benin, tí à ń pè ní Dahomey nígbà náà, ní 1968. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ náà kì í gba owó oṣù. Owó tí yóò fi jẹun, tí yóò sì fi gbọ́ bùkátà níwọ̀n bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń gbé, ni wọ́n ń fún un. Oṣù 27 ni gbogbo rẹ̀: nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ fi kọ́ èdè àti ìṣe nínú ilé onílé, lẹ́yìn náà ni ọdún méjì iṣẹ́ yóò tẹ̀ lé e.

Yàrá kan ṣófo nínú agbo ilé wa, baálẹ̀ sì bẹ Bàbá wa pé kí wọ́n gba àlejò náà sí i. Ní ọjọ́ tó dé, Ìyá wa bu omi tútù, wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbé e fún un, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Lẹ́yìn omi náà ni àṣìṣe bẹ̀rẹ̀. Lójú àwọn òbí wa, òyìnbó kì í jẹ iyán. Ìrẹsì, sùpágẹ́tì àti ẹyin ni wọ́n ń sè fún un. Tábìlì kan ṣoṣo tó wà nílé, inú yàrá rẹ̀ ni a gbé e sí, kí àwa ọmọdé má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Òun nìkan ni ó ń jẹun. Àwa rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́. Òun náà, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ fún wa nígbà tó yá, rò pé àlejò kì í bá onílé jẹun nílẹ̀ wa, ó sì ń sunkún lóru. Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. A gbàgbé pé onílé náà lè lójú kí ó má ríran.

Àwìn ni Ìyá wa ń ra gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n rán mi lọ ra tòmátò inú agolo, àlejò wa sì tẹ̀ lé mi. Ìyá tó ń tajà wò mí, ó ní: “Sọ fún ìyá rẹ kí wọ́n san gbèsè ọ̀sẹ̀ tó kọjá ná.” Ọ̀rọ̀ tí àlejò náà gbọ́ nínú èdè wa kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ gbèsè. Kò sọ ohunkóhun títí a fi délé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé àpótí kan jáde, ó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ní: “Ìyá, iyán tí ẹ̀ ń jẹ ni mo fẹ́ jẹ.”

Ojú ti Ìyá wa. Ní ọjọ́ kejì, àlejò náà mú owó wá, wọn kò gbà á. Wọ́n ní: “A kì í ta oúnjẹ fún ọmọ ẹni.” Ó ronú díẹ̀, ó sì béèrè pé: “Bí ọmọ yín bá ń ṣiṣẹ́, ṣé kì í ra nǹkan ọjà wálé ni?” Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ ọjà bá ti pé, yóò ra iṣu, epo àti ẹja gbígbẹ wálé. Àwa ọmọdé kò pè é ní àlejò mọ́. Ẹ̀gbọ́n ni a ń pè é.

Ìyá wa kọ́ ọ bí a ti ń di ọmọ odó mú, ọwọ́ rẹ̀ sì bó. Wọ́n kọ́ ọ kí ó máa kúnlẹ̀ kí àgbà, kí ó má sì fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kan ó lọ bá alágbẹ̀dẹ, ó ní òun fẹ́ ra ọkọ. Alágbẹ̀dẹ fèsì pé ọkọ́ ni òun ń rọ, òun kì í ta ọkọ. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni abúlé fi rẹ́rìn-ín, òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ń tún un sọ títí ohùn rẹ̀ fi tọ̀nà.

Kíláàsì rẹ̀ ni mo wà. A lé ní àádọ́ta. Kí ó tó dé, a kì í lanu sọ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ẹni tó bá ṣì í sọ yóò di ẹni ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí a ti fi rẹ́rìn-ín nítorí ọkọ, tí kò sì bínú, kí ni a ó tún máa bẹ̀rù níwájú rẹ̀? Ẹ̀kọ́ tí ilé wa fún un ni ó ṣí ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ tí ó fún wa.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nítorí àrùn kòrónà, àjọ náà pe àwọn èèyàn rẹ̀ tó tó nǹkan bí 7,000 padà sílé láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 60. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Alẹ́ ọjọ́ kan péré ni ẹ̀gbọ́n wa rí fi di ẹrù. Ìyá wa kò sùn. Èlùbọ́ ni wọ́n ń dì sínú àpò fún un. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí padà, kò sí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Bí a ti ń ráhùn, Ìyá bi wá pé: “Ṣé òun nìkan ni ó mọ bí a ti ń gbé ilé onílé ni?”

Ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo dé yunifásítì ní Abomey-Calavi, èmi àti ọ̀rẹ́ méjì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìsinmi wa ní abúlé kan ní ìhà Kétu, a ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì láìgba kọ́bọ̀. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ìyá onílé se ìrẹsì, ó tẹ́ tábìlì fún wa lọ́tọ̀. Mo rántí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. A dìde, a lọ jókòó ti àwọn ọmọ ilé.

Ẹ̀yin ìdílé tó ń gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́ àti ní Àtakpamé, ẹ fún un ní omi, ẹ fún un ní ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó lè jẹ, kí ẹ sì fi odó hàn án. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rò pé òkè òkun ni a ti mú iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni wá. Àwọn baba wa ti ń bẹ ara wọn ní ọ̀wẹ̀ tipẹ́tipẹ́: ẹni tó ni oko a gbé oúnjẹ kalẹ̀, àwọn tó wá ṣiṣẹ́ a gbé ọkọ́ wọn wá. Abúlé kò ṣaláìní oúnjẹ tí yóò gbé kalẹ̀. Ẹni tí yóò gbé ọkọ́ wá ni ó kù.