Òjò ló ń yẹ ẹlẹ́ṣin wò: bí Òkè-Ògùn bá fẹ́ eré ẹṣin, ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ rèé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó mọ ẹṣin tọ́jú, ẹ má wò ó lọ́jọ́ ọdún. Lọ́jọ́ ọdún, gbogbo ẹṣin ló ń dán, gbogbo gàárì ló ń kọ mànà. Ẹ lọ wò ó nínú oṣù keje, nígbà tí òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léra, tí ilẹ̀ ń yọ̀, tí eṣinṣin ń yí ẹran ká, tí koríko sì tutù débi pé kò ṣeé kó pamọ́. Ẹni tí ẹṣin rẹ̀ bá ṣì dúró ṣánṣán nígbà yẹn, ẹ bá mi kí i.

Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ẹṣin ti padà di fáàrí láàárín àwa ọ̀dọ́. Láti ọdún 2024 tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ti gba orí ayélujára kan, bí Iléyá bá ti dé báyìí, fóònù wa á kún fún ẹlẹ́ṣin, agbádá àti awò ojú dúdú. Ó wuyì, irọ́ kọ́. Aṣọ òkè tí wọ́n sì fi ń ṣe fáàrí yìí, ta ni kò mọ̀ pé ìlú aṣọ òkè ni Ìsẹ́yìn? Ṣé aṣọ nìkan wá ni Òkè-Ògùn á máa fi ránṣẹ́ ni? Kí ló dé tí eré ẹṣin kò lè wà níbẹ̀ náà?

Ilẹ̀ wà. Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, títí dé Kíṣí àti Ìgbẹ̀tì, ọ̀dàn ni, kì í ṣe igbó kìjikìji. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ṣe eré ẹṣin. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá fẹ́ dá eré ẹṣin sílẹ̀ ní Òkè-Ògùn, òjò ni kó kọ́kọ́ rò, kó tó ro ibi tí àwọn èèyàn ńlá máa jókòó sí.

Eré tó ti inú ogun wá

Eré kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní eventing. Ẹlẹ́ṣin kan, ẹṣin kan náà, ìdánwò mẹ́ta. Nínú èkíní, ẹṣin á rìn, á yí, á dúró nínú gbàgede bí ẹni tó gbọ́ èdè. Nínú èkejì, wọ́n á sáré gba inú pápá, wọ́n á fo ìtì igi, kòtò àti omi. Nínú ẹ̀kẹta, wọ́n á fo àwọn ọ̀pá tí wọ́n tò sókè láì jẹ́ kó já lulẹ̀. Ọdún 1912 ló wọ ìdíje Olympics, ní Stockholm, àwọn ọ̀gá ológun nìkan ló sì díje nígbà náà. Ẹṣin ogun ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti yẹ̀ wò: ṣé ó gbọ́ràn, ṣé ó láyà, ṣé ara rẹ̀ ṣì le lọ́jọ́ kejì?

Nínú eré yìí, ilẹ̀ ń bá ẹlẹ́ṣin díje pẹ̀lú. Bí òjò bá ti rọ̀ jù, ẹṣin á yọ̀, ẹsẹ̀ á rì, iṣan á já. Ní ọdún 2012, Badminton, ọ̀kan lára ìdíje tó lórúkọ jù ní Britain, kò wáyé rárá, nítorí pé omi ti gba ilẹ̀. Ẹ rò ó wò: ilé ńlá, owó ńlá, ẹlẹ́ṣin láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ wọ́n ní kí kálukú máa lọ sílé. Wọn ò bá òjò jiyàn.

Ọ̀yọ́ mọ̀, Dàhòmì náà mọ̀

Nínú ọ̀rọ̀ ẹṣin ogun, ta ló fẹ́ kọ́ Ọ̀yọ́? Ìtàn sọ pé nígbà tí àwọn Nupe lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, Ìgbòho ní Òkè-Ògùn yìí ni àwọn Aláàfin sá wá. Ibẹ̀ ni Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ ti jọba, ẹni tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé obìnrin ni, tí wọ́n sì máa ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin tó lágbára. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra ẹṣin. Wọn kì í sì í rà lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sinmi: rírà ò tán, nítorí kíkú ò tán.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì ń gun ẹṣin lọ sógun. Ní 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ gba inú ọ̀dàn sọ̀kalẹ̀ lọ bá Dàhòmì, wọ́n sì ṣẹ́gun Ọba Agaja, tòun ti ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún padà lọ láàárín 1728 sí 1730, Agaja ti kọ́gbọ́n. Kò dúró jà mọ́. Ó sun oúnjẹ níná, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wọ igbó, ó wá ń retí òjò. Ó mọ̀ pé bí òjò bá ti dé, Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ kó ẹṣin wọn padà sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Lóòótọ́, ní 1730 ó gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yẹn ò gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wa: ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin tó lágbára jù nílẹ̀ Yorùbá, òjò ló ń dá ọjọ́ ìpadàbọ̀ fún un.

Kí ló wà nínú òjò gan-an?

Èkíní ni eṣinṣin tsetse. Ẹ̀jẹ̀ ló ń mu, bó sì ṣe ń mu ún ló ń fi kòkòrò àìsàn tí ojú lásán kò lè rí sínú ẹran. Ibà á mú ẹṣin, á rù, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ lára rẹ̀, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ á wú, bí wọn ò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, á kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, etí odò tí igi ti ṣíji bò ni eṣinṣin yìí máa ń fara pamọ́ sí. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí ewé yọ, tí afẹ́fẹ́ tutù, á tàn káàkiri. Odò Ògùn fúnra rẹ̀, itòsí Ṣakí ló ti ṣẹ̀ wá, odò Òfíkì náà sì ń ṣàn ní agbègbè yẹn. Ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sílé. Màlúù N'Dama, tó ti ilẹ̀ Guinea wá, lè gbé pẹ̀lú àìsàn yìí. Ẹṣin ńlá tí wọ́n kó wá láti òkè ò ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni àìsàn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà, tí kòkòrò kéékèèké bíi kantíkantí ń gbé kiri. Ìgbà tí ilẹ̀ bá tutù tí ooru sì wà ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Ẹṣin lè jẹun láàárọ̀, kó kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó dé Thailand ní 2020, ó pa ẹṣin tó lé ní 500.

Ẹ̀kẹta ò nílò eṣinṣin rárá. Pátákò ẹsẹ̀ tó ń wà nínú ẹrẹ̀ lójoojúmọ́ á rọ̀, á máa jẹrà, á máa rùn. Oúnjẹ tí omi bá kàn á bu, ẹṣin kì í sì í lè bì bíi tiwa. Ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ló máa bá a jà, inú rírun lásán sì lè pa á.

Kàlẹ́ńdà ń yí, òjò kì í yí

Ojúde Ọba máa ń wáyé lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Àárín òjò ni. Oṣù tí à ń wò lójú sánmà ló sì ń darí Iléyá, nítorí náà ọdọọdún ló ń fi bí ọjọ́ 11 sún síwájú. Ó máa tó bí 2033 kó tó bọ́ sí ìgbà tí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ọdún ẹ̀sìn ò ṣeé sún, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ ní ká sún un.

Àmọ́ ìdíje ṣeé sún. Lagos Polo Club, tó ti wà láti 1904, inú ẹ̀ẹ̀rùn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ni ìdíje ńlá wọn máa ń bọ́ sí. Bí Òkè-Ògùn bá fẹ́ tirẹ̀, oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kó mú. Kí wọ́n fi ìgbà òjò sílẹ̀ fún ìtọ́jú àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ká tó kọ́ pápá

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé, "Ọ̀gá, fáàrí là ń wá, ẹ ń kó wa lọ sí kíláàsì dókítà ẹran." Ó dáa. Ṣùgbọ́n owó ń bọ́ sínú ẹṣin. Bí ọ̀dọ́ kan ní Ṣakí bá yá owó ra ẹṣin mẹ́ta kó lè máa fi wọ́n ṣiṣẹ́, tí méjì sì kú kí oṣù kẹsàn-án tó parí, gbèsè ló kù sí i lọ́wọ́. Ẹran tó jìyà ńkọ́?

Nítorí náà, owó àkọ́kọ́ tí ìjọba tàbí oníṣòwò bá ní, kó lọ síbi mẹ́rin. Kó lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó mọ ẹṣin, nítorí kì í ṣe gbogbo abẹ́rẹ́ màlúù ló bá ẹṣin lára mu. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò jìnnà. Kó lọ sí ilé ẹṣin tí ilẹ̀ rẹ̀ ga, tí omi ò lè dúró sí. Kó lọ sí àká tí wọ́n máa kó koríko gbígbẹ, ewé ẹ̀pà àti ẹ̀ẹ́rí àgbàdo sí. Kó sì lọ sí yíyẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin wò ní gbogbo ìgbà òjò, kì í ṣe ìgbà tó bá ṣubú nìkan. Ní Kaduna, ilé ìwádìí kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947 nítorí àìsàn tsetse ṣì wà níbẹ̀. Ìmọ̀ kì í ṣe ìṣòro wa.

Ohun karùn-ún ò gba owó kankan: kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìdíje pé dókítà ẹran lè dá eré dúró, bí gómìnà tilẹ̀ ti jókòó.

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹṣin iwájú tiwa ni Ọ̀yọ́, a sì mọ ibi tí òjò ti dá a padà. Ẹ jẹ́ kí eré ẹṣin wá sí Òkè-Ògùn o, inú mi á dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá mú àwòrán pápá tuntun wá fún yín láti buwọ́ lù, ẹ kọ́kọ́ bi í pé níbo làwọn ẹṣin máa sùn nínú oṣù keje.