Ṣé O Mọ̀? Ara Tuntun fún Ọkọ̀ Àtijọ́

Láti 1962 títí di 1980 ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ MGB ní Abingdon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye rẹ̀ sì lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ìpẹtà ni ọ̀tá rẹ̀. Kò ní férémù lọ́tọ̀. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn wà lára ohun tó gbé e ró. Bí irin yìí bá pẹtà, tí wẹ́dà sì gé e láìkọ́kọ́ fi ọ̀pá há ojú ilẹ̀kùn, ọkọ̀ lè tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn ò ní padé mọ́. Owó wọgbó nìyẹn! Ní 1988, iléeṣẹ́ British Motor Heritage kó ẹ̀rọ ìtẹrin àtijọ́ jáde, wọ́n sì ń fi ṣe odindi ara MGB ní tuntun. Tó o bá fẹ́ ra MGB àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ilẹ̀kùn kó o tó ṣí ẹ́ńjìnì.