Flash 32GB kò gba fáìlì 5GB: kí ló fà á, kí sì ni àtúnṣe rẹ̀?

Ẹni tó ń ṣètò flash tí yóò fi gbé Windows sórí kọ̀ǹpútà lè bá ohun ìyanu kan pàdé. Flash 32GB ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ Windows ní fáìlì install.wim ti tóbi jù fún un. Àwọn kan á gbà pé flash ti bàjẹ́, wọ́n á lọ ra òmíràn. Kò yẹ kí owó bẹ́ẹ̀ ṣòfò, nítorí flash náà kò ṣe nǹkan kan. FAT32, ètò tí wọ́n fi fọ́máàtì rẹ̀, ló kọ fáìlì náà.

Níbo ni ìdíwọ́ náà ti wá?

Ọdún 1996 ni Microsoft gbé FAT32 jáde pẹ̀lú Windows 95 OSR2. Fáìlì tó bá wọlé, FAT32 gbọ́dọ̀ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, báìtì 4 péré, ìyẹn bíìtì 32, ló sì yà sọ́tọ̀ fún un. Bí fọ́ọ̀mù tó ní àpótí mẹ́rin fún nọ́ńbà ló rí: ohun tó ju 9,999 lọ kò ṣe é kọ síbẹ̀. Nọ́ńbà tó pọ̀ jù tí bíìtì 32 lè gbà ni 4,294,967,295, ìyẹn nǹkan bí 4GB. Fáìlì tó bá fi báìtì kan ṣoṣo lé ní iye yìí kò lè wọlé, ààyè ì báà pọ̀ tó bí ó ti wù kó pọ̀. Inú install.wim sì ni gbogbo Windows wà. Ti Windows 10 àti 11 sábà máa ń kọjá 4GB.

Ṣé ká kúkú lo NTFS?

NTFS gba fáìlì ńlá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n FAT ni òfin UEFI, ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà ìgbàlódé, pa láṣẹ pé kí gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń lò ó lè kà nígbà tó bá ń tan. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kì í ka NTFS rárá ní ìpele yẹn, flash náà kò sì ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ fi FAT32 sílẹ̀, kí ẹ sì gé fáìlì náà sí wẹ́wẹ́.

Ẹ kó gbogbo fáìlì yòókù sórí flash, ẹ yọ install.wim nìkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator. Bí fódà tí àwọn fáìlì Windows yín wà bá jẹ́ C:\Win, tí flash sì jẹ́ F, ẹ tẹ èyí:

Dism /Split-Image /ImageFile:C:\Win\sources\install.wim /SWMFile:F:\sources\install.swm /FileSize:3800

Kò sí ègé kan tí yóò ju 3,800MB lọ. Windows fúnra rẹ̀ yóò rí àwọn ègé náà, yóò sì lò wọ́n. Ẹni tí kò fẹ́ tẹ àṣẹ lè lo Rufus, tó máa ń fi apá NTFS kan àti apá FAT kékeré tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un sórí flash kan náà.

Bó bá jẹ́ RAM ńkọ́?

Bí flash bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó sọ pé ààyè kò tó lórí dráífù X, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Inú RAM ni X wà, ibẹ̀ ni Windows PE, Windows kékeré tí flash fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ti ń ṣiṣẹ́. Bí RAM bá ju 1GB lọ, 512MB ló ń yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìgbà díẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, 32MB péré ni. Àṣẹ /Set-ScratchSpace lè sọ ọ́ di 64, 128, 256 tàbí 512MB. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ fi /ScratchDir darí iṣẹ́ DISM sí fódà kan lórí hard disk, kí ẹ sì dín dráífà tí ẹ fi kún boot.wim, fáìlì tí Windows PE wà nínú rẹ̀, kù.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wo ohun tí kọ̀ǹpútà dárúkọ. Bó bá jẹ́ install.wim, ẹ gé e. Bó bá jẹ́ X, RAM ni kí ẹ tọ́jú.