BÍ Ẹ̀RỌ DÍSẸ́Ẹ̀LÌ BÁ Ń YÍ TÍ KÒ SÌ DÁHÙN

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, bí òjò bá ṣú, tí kòkó tútù kún ilé ìgbẹ, tí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ ooru sí i sì kọ̀ láti dáhùn, èbu kò ní dúró de oníṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ẹ má ṣe wá púlọ́ọ̀gì; irú ẹ̀rọ yìí kò ní in. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń gbóná tí ó sì ń tan epo. Nítorí náà, bí ẹnì kan ti ń yí i, ẹ wo ihò èéfín. Bí èéfín kò bá jáde rárá, epo ni kò dé inú. Nígbà púpọ̀, a ti jẹ́ kí táǹkì gbẹ, afẹ́fẹ́ sì ti wọ páìpù. Bí a tilẹ̀ rọ epo kún un, kò ní dáhùn. Ẹ fi sípánà tú bóòtù kékeré orí asẹ́ epo díẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù títí epo yóò fi ṣàn láìhó, kí ẹ tó dè é padà. Asẹ́ tí ó dọ̀tí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí èéfín funfun bá ń jáde, epo ń dé, ooru ni kò tó. Ẹ yẹ asẹ́ afẹ́fẹ́ wò. Bí ó bá mọ́, ẹ pe oníṣẹ́. Ẹ má ṣe da pẹtiróòlù sí ibi tí ẹ̀rọ ń gbà mí: ó lè fọ́ ẹ̀rọ, ó sì lè jó yín.