Nígbà tí Ìpara Ojú Bá Di Irorẹ́

Kí ẹ tó kà síwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka iye ìpara, ọṣẹ àti òróró tó ń kan ojú yín láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ ka ti irun mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní Dubai àti Sharjah yóò bá márùn-ún tàbí mẹ́fà níbẹ̀: èyí tí a gbé wá láti ilé, èyí tí a rà ní Deira nítorí pé wọ́n dín owó rẹ̀, èyí tí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá yá wa, èyí tí a rí lórí TikTok. Bí irorẹ́ bá wá bò wá lójú, a ó tún ra ẹ̀keje láti fi wo ohun tí mẹ́fà ìṣáájú fà.

Irorẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí. Kì í sì í ṣe àmì pé ọmọ yín ń ro ọkùnrin tàbí obìnrin, bí àwọn àgbà kan ṣe máa ń fi àwọn ọ̀dọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ihò kéékèèké tí irun ń gbà hù pọ̀ lójú, láyà àti lẹ́yìn wa, ọ̀rá sì ń tibẹ̀ jáde láti mú kí awọ rọ̀. Bí awọ tó ti kú bá dí ẹnu ihò náà, ọ̀rá á há sínú. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Cutibacterium acnes, tó ti ń gbé lára gbogbo wa tẹ́lẹ̀, á rí oúnjẹ jẹ, ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á sì ní ọyún nínú. Ohunkóhun tí a bá fi dí ẹnu ihò yẹn láti òde lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti mọ èyí. Ní ọdún 1970, Plewig, Fulton àti Kligman kọ̀wé nípa irorẹ́ tí pomade orí ń fà níwájú orí àwọn tó ń lò ó. Ní ọdún 1972, Kligman àti Mills fún irorẹ́ tí ìpara ń fà ní orúkọ tirẹ̀, acne cosmetica.

Nítorí náà, òróró àgbọn àti bọ́tà kòkó tó mú ara ọmọ yín dán nígbà tó wà ní kékeré kò yẹ lójú rẹ̀ mọ́ nígbà tó bá di ọmọ ọdún 16 tí irorẹ́ ń yọ lára rẹ̀. Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n ó le ju bí awọ ojú ṣe fẹ́ lọ, pàápàá bí ẹ bá tún fi kànìnkànìn họ ojú mọ́ ọn. Ọṣẹ ìfọnu, ẹ fi sílẹ̀ fún eyín. Omi ọsàn wẹ́wẹ́, tí ẹ bá fi pa ojú tí oòrùn sì kàn án, ó lè jó awọ bí ìgbà tí omi gbígbóná dà síni lára.

Ìlú tí a wà yìí náà tún dá kún un. Oòrùn ibí le débi pé ìjọba fi òfin de iṣẹ́ ìta láti agogo 12:30 sí agogo 3 ọ̀sán, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀rọ amúlétutù á gbẹ wá lára nínú ilé, a ó wá fi ìpara tó ki pa ojú, a ó bọ́ síta, òógùn àti ìpara á yọ́ pọ̀. Ẹ̀yin ọmọkùnrin tí ẹ ń gun ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri, akoto tí ẹ ń dé ń fún òógùn mọ́ yín níwájú orí àti lágbọ̀n láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ máa fọ tìmùtìmù inú rẹ̀, ẹ sì fi aṣọ òwú tó mọ́ tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní bẹ́ẹ̀dì-sípéèsì, ẹ má yá ara yín ní aṣọ ìnujú àti ìpara.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù nìyí. Lára awọ dúdú, bí irorẹ́ bá lọ, àpá dúdú tó fi sílẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Àpá yìí ló ń ba ènìyàn nínú jẹ́ ju irorẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ó ti mú kí àwọn ọmọ wa kan fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ nítorí pé wọn kò fẹ́ dúró níwájú ìjọ. Òun náà ló ń tì wọ́n lọ sọ́wọ́ ẹni tó ń po ìpara sínú ike tí kò ní orúkọ. Ohun tó sábà máa ń wà nínú irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni steroid tó lágbára, bíi clobetasol. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ojú á mọ́, wọ́n á tilẹ̀ jẹ́rìí nípa rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, awọ á fẹ́lẹ́, iṣan á máa hàn, irun lè hù níbi tí kò yẹ, irorẹ́ wínníwínní tí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà á sì tú jáde. Bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, ojú á pọ́n, á máa ta wọ́n, wọ́n á tún sáré padà sídìí ike náà. Ẹ ò rí i pé ìdẹkùn ni? Bí ẹ bá ti ń lò ó lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀, ẹ má kàn dá a dúró fúnra yín. Ẹ gbé ike náà lọ bá dókítà awọ ara, òun ló mọ bí ẹ ó ṣe máa dín in kù.

Àwọn ìpara ìbóra mìíràn ní mercury nínú, èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́, tó sì lè ti ara ìyá dé ara ọmọ inú. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọdún 2013 ti fòfin dè é nínú ìpara. Ní Dubai níhìn-ín, ìpara gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Dubai Municipality, lórí ètò tí wọ́n ń pè ní Montaji, kí wọ́n tó tà á. Ike tí kò sọ ẹni tó ṣe é àti ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má fi kan ojú yín. Ẹ lè pe 800900 bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ nípa ohun tí ẹ rà.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Ẹ rántí Náámánì, bí inú ṣe bí i nígbà tí wòlíì ní kó kàn lọ wẹ̀ nínú odò. Ohun tó rọrùn kì í jọ ìwòsàn lójú wa. Ẹ kó gbogbo ìpara yẹn tì, yàtọ̀ sí oníke steroid tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ ojú tó rọ̀ fọ ojú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ fi ìpara fúyẹ́ tí wọ́n kọ non-comedogenic sí lára tẹ̀lé e, kí ẹ sì fi ìpara adènà oòrùn SPF 30 sí i láàárọ̀, torí oòrùn ló ń mú àpá dúdú pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú oògùn kan ṣoṣo ní ilé oògùn: benzoyl peroxide 2.5% tàbí adapalene 0.1%, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú lálẹ́. Ó lè kọ́kọ́ ta yín, ó sì lè gbẹ awọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alẹ́ kan sí alẹ́ kejì. (Benzoyl peroxide máa ń bó àwọ̀ aṣọ o, ẹ fi ìrọ̀rí funfun sùn.) Aboyún kò gbọ́dọ̀ lo adapalene. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Oṣù 12 ni wọ́n fi tọ́jú ara Ẹ́sítérì, kò sì sí ẹni tó ń yí ìpara padà fún un ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Bí irorẹ́ bá ń wú kókó, tó ń dun yín, tàbí tó ń fi kòtò sílẹ̀ lójú, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ 12. Ìbánigbófò ìlera ti di dandan fún òṣìṣẹ́ ní Dubai láti ọdún mélòó kan, ó sì ti kan Sharjah náà láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá tiyín gba ìtọ́jú irorẹ́, nítorí àwọn kan máa ń kà á sí ọ̀ṣọ́ lásán. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo ike ìpara yín sínú ọ̀rá kan, ẹ gbé e dání. Bí dókítà bá sì fẹ́ kọ isotretinoin oníhóró fún obìnrin, kí ó sọ fún un bí oyún bá wà tàbí bí ó bá ń retí rẹ̀, nítorí oògùn náà ń ṣe ọmọ inú ní ìjàǹbá gidi.