Fèrè Fẹlá nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá

Mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Lágeré lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń lọ sí Mayfair. Orin ráàpù òyìnbó ló ń dún, mi ò tiẹ̀ fiyè sí i, àfi ìgbà tí mo gbọ́ fèrè kan. Mo ní, "Àbúrò, Fẹlá nìyẹn o!" Ọmọ tó ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín: "Rárá o, dádì, J. Cole ni."

Àwa méjèèjì la jàre. "Let Nas Down" lorin náà ń jẹ́, ó wà nínú àwo Born Sinner tí J. Cole gbé jáde ní 2013. Inú "Gentleman" tí Fẹlá ṣe ní 1973 ni wọ́n ti gé fèrè yẹn. Ẹ tún gbọ́ "Forbidden Fruit" nínú àwo kan náà. Dùùrù ibẹ̀, ti Ronnie Foster ni, ará Amẹ́ríkà tó ń tẹ dùùrù bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ tó ń fi ṣe jáàsì tó ń mú ni jó. Inú àwo rẹ̀, Two Headed Freap, ti 1972 ló wà. A Tribe Called Quest ti gé e lò ní 1993 kí J. Cole tó débẹ̀. Wọ́n á gé ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, wọ́n á máa yí i po, wọ́n á wá ráàpù lé e.

Owó ibẹ̀ ńkọ́? Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà wa, ti 2022, sọ pé orin tí èèyàn kọ ṣì jẹ́ tiẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fẹlá kú ní 1997, ó di 2067. Ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n gbà sínú àwo, 50 ọdún péré ni lẹ́yìn ọdún tó jáde. Ti 1973 ti tán nílùú wa ní ìparí 2023.

Ti Fẹlá ṣì dáa, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Àwọn tó tẹ dùùrù, tó ta gìtá lẹ́yìn àwọn olórin wa, tí wọ́n gbowó ọjọ́ kan lọ sílé ńkọ́? Orúkọ ọ̀pọ̀ wọn ò sí lẹ́yìn àwo. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin wà ní OAU níbí. Kí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn àgbà tó ṣì wà láyé, kí wọ́n kọ ẹni tó ṣe kí sílẹ̀.

Èmi náà jẹ̀bi o. Orí àjà ni àpótí àwo bàbá mi wà, òjò ti wọ̀ ọ́ ká tó rántí.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ọmọ yẹn ní kí n bá òun kọ "Gentleman" sínú fóònù. Mo kọ ọ́, mo sì kọ Tony Allen tó lùlù rẹ̀ sí i.