Kókó Ni Wọ́n Yọ, àbí Ilé Ẹyin?

Obìnrin tí síkáànì bá fi hàn pé kókó olómi wà lára ilé ẹyin rẹ̀, ìbéèrè méjì ló sábà máa ń gbé délé: ṣé jẹjẹrẹ ni? Ṣé mo ṣì máa bímọ? Ti àkọ́kọ́ kò gùn. Lára obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kókó wọ̀nyí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ti ìkejì ló gba àlàyé.

Ilé ẹyin méjì ni obìnrin ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé ọmọ, ọ̀kan lápá òsì. Lóṣooṣù, àpò omi kékeré kan máa ń wú lára ọ̀kan nínú wọn, ẹyin á sì wà nínú rẹ̀. Bí àpò náà bá ti fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, ó yẹ kó bẹ́, kí ẹyin jáde. Nígbà mìíràn kì í bẹ́, omi á kàn máa kún un. Kókó tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, ó sì sábà máa ń gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè ní kí ẹ lọ, kí ẹ padà wá ya síkáànì mìíràn. Ẹni tó bá ń mu àgbo ní gbogbo àsìkò yẹn á ní àgbo ló yọ́ ọ.

Èyí tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ, tó ń dunni ṣáá, tàbí tí inú rẹ̀ kì í ṣe omi lásán, ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ máa ń bá. Irú kan wà tí wọ́n máa ń bá irun, ọ̀rá, eyín pàápàá nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má torí eyín wá aládùúgbò tó ṣépè o: láti ara ẹyin, tó ní agbára láti di oríṣiríṣi ẹ̀yà ara, ló ti hù. Bí ìrora bá dédé kọlù yín bí ọ̀bẹ, tí èébì tẹ̀ lé e, ilé ẹyin lè ti lọ́ mọ́ra, kí ẹ̀jẹ̀ má dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ má dúró di àárọ̀.

Ní 1809, ní Kentucky lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dókítà Ephraim McDowell yọ kókó ilé ẹyin tó tó kílò 10 nínú ikùn Jane Todd Crawford láìsí oògùn akunilóorun. Obìnrin náà sì lo ọdún 32 sí i láyé. Lóde òní, ihò kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè tó. Wọ́n á fi gáàsì fẹ ikùn, wọ́n á ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́, wọ́n á wá bó kókó náà kúrò bí ẹni ń yọ kóró àgbálùmọ̀ tí kò fẹ́ kí ẹran rẹ̀ ṣòfò. Gáàsì tó ṣẹ́kù lè mú kí èjìká máa dunni fún ọjọ́ bíi méjì. Ẹni tí wọ́n fi ihò kékeré ṣe fún lè padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ nílò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sì gbọ́dọ̀ gbé garawa omi tàbí gúnyán. Ibà, tàbí ojú abẹ tó ń ṣọyún, ẹ padà sí ọsibítù.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi dókítà léèrè: kókó nìkan lẹ fẹ́ yọ, àbí tòun ti ilé ẹyin? Ẹ sọ fún un pé ẹ ṣì fẹ́ bímọ. Bí ó bá tilẹ̀ di dandan kí wọ́n yọ ilé ẹyin kan, èyí tó kù á máa ṣiṣẹ́, nǹkan oṣù á sì máa wá. Ibi tó ti le ni kókó tí ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ dúdú kún inú rẹ̀, nítorí bíbó rẹ̀ máa ń kó díẹ̀ lọ nínú ẹyin tó wà ní ìpamọ́, pàápàá tó bá jẹ́ apá méjèèjì.

Lẹ́yìn tí dókítà bá ti ní kí ẹ máa gbìyànjú, bí ọdún kan bá kọjá láìsí oyún, tàbí oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ti pé ọdún 35, ẹ padà lọ rí i, kí ọkọ náà sì lọ yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ yín dání, èyí tó sọ ohun tí wọ́n yọ àti apá ibi tí wọ́n ti yọ ọ́. Òun ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè.